Péńtà Tí Ó Gbàgbé Láti Mí

Iṣẹ́ péńtà ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi ń ṣe láti ìgbà èwe rẹ̀. Ìlà-Ò-Yẹ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí pé ibi tí ọ̀dà ògiri ti pàdé ọ̀dà àjà, ọwọ́ lásán ni ó fi ń fa ìlà, láìlo okùn, láìlo rúlà, ìlà náà a sì gún régé.

Ní ọdún tí ó kọjá, òòyì kọ́ ọ lórí àkàbà, ó sì já bọ́. Eegun rẹ̀ kò ṣẹ́. Àyà rẹ̀ ni ó já. Láti ọjọ́ náà, bí ó bá ti tẹ igi kejì àkàbà, orúnkún rẹ̀ a máa gbọ̀n. Ó wá di ẹni tí ń kun ìsàlẹ̀ ògiri nìkan. Ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé péńtà tí kò lè gun àkàbà kò yàtọ̀ sí apẹja tí ń bẹ̀rù omi, àti pé bí ọdún bá parí tí nǹkan kò yí padà, òun yóò kó búrọ́ọ̀ṣì òun tà.

Ìyàwó rẹ̀ ni ó fà á lọ sí ilé ìwòsàn, níbi tí nọ́ọ̀sì kan ti ń kọ́ àwọn àgbàlagbà ní tai chi, eré ìdárayá jẹ́ẹ́jẹ́ tí ó ti ilẹ̀ Ṣáínà wá, tí ó ń mú kí ẹsẹ̀ dúró ṣinṣin. Ní àárọ̀ kùtù, kí àwọn aláìsàn tó dé, wọn a sún àwọn àga gbọ̀ngàn ilé ìwòsàn náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n tẹ orúnkún díẹ̀, kí wọ́n sọ èjìká sílẹ̀, kí wọ́n sì gbé orí dúró bí ẹni pé òwú kan ń fà á sókè. Ẹsẹ̀ kan ni yóò gba gbogbo ara. Èkejì gbọ́dọ̀ ṣófo pátápátá kí a tó gbé e. Nígbà tí Ìlà-Ò-Yẹ̀ ń dán an wò nílé, ìyàwó rẹ̀ yọjú láti ibi ìdáná.

"Baálé mi, eṣinṣin tí ẹ ń lé yẹn, ó ti sùn o."

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò dáwọ́ dúró. Ohun tí ó ń dà á láàmú ni pé bí ó bá ti gbé ọwọ́ sókè, òòyì a tún dé. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó di ògiri gbọ̀ngàn mú kí ó má baà ṣubú. Nọ́ọ̀sì ní kí ó tún gbé ọwọ́ náà sókè, ó sì tẹjú mọ́ àyà rẹ̀.

"Bàbá, ẹ kì í mí."

"Èmi kẹ̀? Ṣé òkú ló ń bá ọ sọ̀rọ̀ ni?"

"Ẹ ń mí tí ẹ bá ń sọ̀rọ̀. Tí ẹ bá ti gbé ọwọ́, ẹ ti sé èémí nìyẹn."

Ìlà-Ò-Yẹ̀ wá ṣàlàyé pé bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá òun ṣe kọ́ òun: kí péńtà sé èémí bí ó bá ń fa ìlà, kí ọwọ́ má baà gbọ̀n. Ó béèrè kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bóyá ohun tí ó gbé òun ṣubú nìyẹn. Nọ́ọ̀sì ní òun kò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n òòyì kì í jìnnà sí ẹni tí ó sé èémí, tí ó tún gbójú sókè.

Bí ó ṣe tún mímí kọ́ nìyẹn: kí ó mí sínú bí ọwọ́ bá ń gòkè, kí ó mí síta bí ó bá ń sọ̀ kalẹ̀. Ó ṣòro fún un bí ẹni tí ń fi ọwọ́ òsì kọ̀wé. Ìyàwó rẹ̀ ń rán an létí pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, bí yàrá bá sì ti pa rọ́rọ́, obìnrin náà a kígbe láti ibi ìdáná pé, "Ẹ mí o!" Àwọn aládùúgbò gbọ́ ọ títí wọ́n fi ń fi kí i ní òwúrọ̀.

Kí ọdún tó parí, ilé ìwòsàn fẹ́ kun gbọ̀ngàn náà, Ìlà-Ò-Yẹ̀ sì gba iṣẹ́ náà. Ìyàwó rẹ̀ di ẹsẹ̀ àkàbà mú. Ọkọ gbé gbogbo ara lé ẹsẹ̀ kan, ó jẹ́ kí èkejì ṣófo, ó gbé e. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe títí ó fi kan àjà. Orúnkún rẹ̀ kò gbọ̀n. Ó ti búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà, ó mí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí fa ìlà. Láàárín méjì, ìlà náà tẹ̀ díẹ̀.

"Ìlà yẹn yẹ̀ o," ni ìyàwó rẹ̀ wí láti ìsàlẹ̀.

"Mo rí i. Mò ń mí ni."

Kò nù ún. Ó fa ìlà náà dé igun, ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì sún àkàbà sí ògiri kejì.