Kọ̀ǹpútà Tísà Tí Àwòrán Rẹ̀ Kú

Ẹnikẹ́ni tó bá gbé kọ̀ǹpútà wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Ọ̀sì, ojú ni mo kọ́kọ́ máa ń wò. Ojú kọ̀ǹpútà ni mò ń wí o, kì í ṣe ojú oníbàárà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tonítọ̀hún náà sábà máa ń fajú ro. Bí ojú ẹ̀rọ bá mọ́lẹ̀, tí àwòrán hàn, ara mi á balẹ̀. Bó bá ṣókùnkùn, mo ti mọ̀ pé iṣẹ́ ọjọ́ náà kò ní kéré. Bí mo ti ń ṣe é nìyí láti ìgbà tí mo ti gba fírídọ̀mù lọ́wọ́ ọ̀gá mi, títí di Ọjọ́rú kan báyìí tí Tísà wọlé.

Tísà ni gbogbo èèyàn Ìṣọlọ́-Ọ̀pin ń pe bàbá náà. Wọ́n kọ́ àwọn òbí wa níwèé, wọ́n sì na púpọ̀ nínú wọn, kí àìsàn ojú tó mú wọn fẹ̀yìn tì. Ojú méjèèjì ti lọ pátápátá. Wọ́n di èjìká Báyọ̀ ọmọ wọn mú wọlé, Báyọ̀ sì há láptọ́ọ̀pù àtijọ́ kan tó wúwo bí ọmọ ọlọ mọ́ abíyá.

"Ẹ kú uṣẹ́ o," ni Tísà wí. "Ọmọ mi, ẹ̀rọ mi ń dákú."

Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn kú ọ̀fọ̀. Gbogbo wa la ti gbọ́ pé ìyàwó wọn ti sùn nínú Olúwa. Sátidé ni ìsìnkú, àwọn ọmọ sì ti ń wọlé láti ìlú òkèèrè. Báyọ̀ fúnra rẹ̀, àná ló ti Èkó dé.

"Kí ló ń ṣe é gan-an, Bàbá?"

"Bó bá sọ̀rọ̀ díẹ̀, á dákẹ́ láàárín ọ̀rọ̀. Mo sì nílò rẹ̀ ní Sátidé."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Kọ̀ǹpútà Tísà ń sọ̀rọ̀. Ètò kan wà nínú rẹ̀ tó ń fi ohùn ka ohun gbogbo tó wà lójú rẹ̀, àti gbogbo lẹ́tà tí ìka bá tẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn afọ́jú kan ni wọ́n ti fi sí i fún wọn nígbà tí ojú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ. Ohùn òyìnbó ni, kò gbọ́ Yorùbá kankan. Bí Tísà bá kọ Yorùbá, á máa kà á bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀, Tísà nìkan ló sì ń gbọ́ ohun tó ń wí. Ìyàwó wọn kò fẹ́ràn ohùn náà rárá. "Orogún mi" ni ìyá ń pè é.

Mo bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi ẹ̀rọ ṣe ní ọjọ́ ìsìnkú. 

"Láti ìgbà tí ojú mi ti lọ, Rẹ́nikẹ́ ló ń kàwé fún mi. Bíbélì ni o, lẹ́tà ni o, títí dórí ohun tí wọ́n kọ sára ike oògùn. Kó tó lọ, ó ní òun ti kàwé fún mi tó. Ó ní lọ́jọ́ tí a bá ń sin òun, kí n má jẹ́ kí ọmọ kankan tàbí pásítọ̀ bá mi ka ọ̀rọ̀ ìdágbére òun. Kí èmi náà kàwé fún òun lẹ́ẹ̀kan. Mo sì ṣèlérí. Mo ti kọ ọ́ tán, inú ẹ̀rọ yìí ló wà. Á máa sọ ọ́ sí mi létí, èmi á máa sọ ọ́ jáde."

"Mo ti ní kí wọ́n kọ́ ọ sórí," ni Báyọ̀ wí.

"Orí mi ti ń jò," ni bàbá rẹ̀ dáhùn. "Yàtọ̀ sí ìyẹn, àkọ́sórí kì í ṣe ìwé kíkà. Kíkà ni mo ṣèlérí."

Mo tan ẹ̀rọ náà. Kí ojú rẹ̀ tó mọ́lẹ̀ tán ni ìlà pupa àti ìlà aláwọ̀ ewé ti bo gbogbo ojú rẹ̀ láti òkè délẹ̀, tí wọ́n ń gbọ̀n. Ohùn òyìnbó náà sì ń sọ̀rọ̀ lọ ní tirẹ̀ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe é. Lójijì, gbogbo rẹ̀ gan pa, ojú àti ohùn.

Mo mọ àìsàn náà bí ẹni mọ orúkọ ara rẹ̀. Ẹ̀yà kan wà nínú kọ̀ǹpútà tó jẹ́ pé àwòrán ojú rẹ̀ ni iṣẹ́ tirẹ̀. Káàdì àwòrán la ń pè é. Nínú láptọ́ọ̀pù àtijọ́ bí irú èyí, òjé wẹ́wẹ́ ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó inú ẹ̀rọ. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, tó ń gbóná tó ń tutù, àwọn òjé náà á bẹ̀rẹ̀ sí í sán. Ìlà á kọ́kọ́ yọ lójú rẹ̀, dídákú á tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà òkùnkùn.

"Bàbá, ìgbà wo ni àwọn ìlà yìí ti bẹ̀rẹ̀?"

"Ìlà wo?" ni Tísà bi mí.

Ó kù díẹ̀ kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì. Báyọ̀ ló gbà mí sílẹ̀. Ó ní ìyá òun ti sọ fún òun lórí fóònù lọ́dún tó kọjá pé ẹ̀rọ Bàbá ń ṣẹ́jú bí iná Kérésì, òun sì rò pé àwàdà ni.

"Ó sọ fún èmi náà," ni Tísà wí. "Mo ní kó yé bú orogún rẹ̀."

Mo yí ẹ̀rọ náà dojú bolẹ̀. Gbogbo ihò tí atẹ́gùn ń gbà wọ inú rẹ̀ ni òwú ti dí. Mo bi wọ́n léèrè orí ohun tí wọ́n ń gbé e lé tí wọ́n bá ń lò ó.

"Orí itan mi. Rẹ́nikẹ́ á ká ìró aṣọ rẹ̀ ní ìlọ́po-ìlọ́po, á tẹ́ ẹ sí mi lẹ́sẹ̀ kí ẹ̀rọ má baà jó mi. Bó ti kórìíra rẹ̀ tó, ìró tó dáa ló fi ń tẹ́ ẹ."

Ìró yẹn ló dí ẹ̀rọ nímú, tí ooru fi sè é jinná. Mo rò ó bóyá kí n gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Ṣùgbọ́n Tísà kì í ṣe ẹni tí à ń parọ́ fún, wọ́n sì ti gbọ́ pé mo dákẹ́. Mo sọ ọ́. Wọ́n gbé orí sókè, wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. "Ó rí orogún rẹ̀ mú níkẹyìn," ni wọ́n wí, wọ́n sì fi aṣọ ìnujú nu ojú.

Ọ̀nà tí ọ̀gá mi kọ́ mi ní Ìlọrin láti fi wo àìsàn yìí, iná ni. A ó tú ẹ̀rọ palẹ̀, a ó fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná sórí káàdì náà títí òjé abẹ́ rẹ̀ á fi yọ́, tí yóò tún ara rẹ̀ mú. "Iná ló pa á, iná la ó fi jí i," ni ọ̀gá máa ń wí. Wọ́n á tún ní kí n má ṣèlérí fún oníbàárà pé yóò pẹ́, nítorí òmíràn ń lo oṣù díẹ̀, òmíràn kì í jí mọ́ rárá. Mo sọ gbogbo èyí fún Tísà. Báyọ̀ ní òun á ra tuntun. Mo fi ètò tó ń sọ̀rọ̀ sínú láptọ́ọ̀pù tèmi kí wọ́n dán an wò, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ yàtọ̀, wọn kò rí ọ̀rọ̀ kan mú nínú Yorùbá tó ń pè. Wọ́n fi ìka wá bọ́tìnì kiri bí ẹni tó ṣìlé wọ̀.

"Ọmọ mi," ni wọ́n wí, "káàdì tó ń ṣàìsàn yìí, kí ni iṣẹ́ rẹ̀?"

"Àwòrán ló ń yà, Bàbá."

"Ta ló ń wo àwòrán náà?"

Mo gbójú sókè wò wọ́n.

"Èmi kò wò ó. Rẹ́nikẹ́ kò sí níbẹ̀ mọ́. Kí ló dé tí ò ń bá a du ohun tí ẹnikẹ́ni kò lò?"

Láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, kò tíì sí ẹni tó bi mí ní irú rẹ̀. Gbogbo ẹni tó ń wá, àwòrán ló ń bẹ̀ mí fún. Mo jókòó, mo rò ó. A kò lè yọ káàdì náà kúrò, ó ti lẹ̀. Ṣùgbọ́n ètò kan wà nínú kọ̀ǹpútà tó ń lé e síṣẹ́, tó ń mú kí ó sá eré àsápajúdé. Bí a bá pa ètò yẹn, káàdì á kàn máa ya àwòrán gátagàta, kò ní í gbóná tó bẹ́ẹ̀, ó sì lè jẹ́ kí ìyókù ara ẹ̀rọ rí ayé gbé. Mo ní kí wọ́n padà wá ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí ọyẹ́ bá ti mú un tutù dáadáa.

Wọ́n dé ní kùtù. Mo gbé ẹ̀rọ sẹ́nu fáànù, mo tàn án. Ojú rẹ̀ kò ṣe ìlà mọ́ o, ó dúdú kiriṣi. Mo so tẹlifíṣọ̀n mọ́ ọn, òun náà dúdú. Ohùn nìkan ló ń jáde. Mo mọ ibi tí a ti ń pa ètò náà, ṣùgbọ́n ojú ni mo fi mọ ọ̀nà rẹ̀, kò sì sí ohun tí ojú lè rí níbẹ̀.

"Ó ti ṣókùnkùn, Bàbá. N kò rí nǹkan kan."

"Bẹ́ẹ̀?" ni Tísà wí. Wọ́n fa àga sún mọ́ tábìlì, wọ́n na ọwọ́ méjèèjì sórí bọ́tìnì. "Ó dáa. Sọ ibi tí à ń lọ fún mi."

Mo ní a ń lọ síbi tí wọ́n to gbogbo ẹ̀yà ara ẹ̀rọ sí. Ìka wọn rìn. Ohùn náà ń tú jáde wàràwàrà bí àgbàdo tó ń ta nínú agbada, n kò gbọ́ ẹyọ kan. "A ti débẹ̀," ni wọ́n wí. Mo ní kí wọ́n wá ti àwòrán. Ibi tí wọ́n ti ń wá a ni ẹ̀rọ ti gan pa.

A fi í sílẹ̀ kó tutù. Báyọ̀ jáde lọ síta, kò lè wò ó. Nígbà tí a tún tàn án, Tísà kò dúró kí n sọ ọ̀nà mọ́, wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Ìka wọn ń sáré, etí wọn ń sáré, èmi kàn ń wo ojú dúdú yẹn bí òmùgọ̀.

"Ó ń bi mí bóyá ó dá mi lójú láti pa ètò náà," ni wọ́n wí.

"Ẹ sọ fún un pé ó dá yín lójú."

Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ojú ẹ̀rọ ṣẹ́, àwọn ìlà pupa padà, àwòrán gátagàta kan sì yọ lẹ́yìn wọn. Mo gbé ọwọ́ lé ẹ̀yìn rẹ̀, mo ń retí kó gan. Kò gan. Tísà ní kó ka ọ̀rọ̀ ìdágbére náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ohùn òyìnbó náà kà á, ó ń pa Yorùbá ní ìpakúpa, Tísà sì tẹ́tí, ètè wọn ń mì. Kò sí ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín nínú rẹ̀ mọ́. Ẹ̀rù bà mí, irú ẹ̀rù tó ń ba èèyàn nínú ilé Ọlọ́run. Mo ti ń pe ara mi ní ẹni tó mọ inú kọ̀ǹpútà, n kò sì mọ̀ pé èèyàn lè wà nínú rẹ̀ tó báyẹn láìfi ojú kàn án.

Ní Sátidé, ní ṣọ́ọ̀ṣì, Tísà ní kí n jókòó sẹ́yìn àwọn, láàárín àwọn akọrin, nítorí bí ẹ̀rọ bá dákú. Wọ́n gbé tábìlì kékeré kan síwájú pósí, wọ́n gbé ẹ̀rọ lé pákó lásán, ihò rẹ̀ ń mí. Tísà ki ohun ìgbọ́rọ̀ bọ etí kan, wọ́n dìde.

"Rẹ́nikẹ́," ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, "ulé dákẹ́. Mo wá kàwé fún ọ."

Ẹ̀rọ á sọ gbólóhùn kan sí wọn létí, wọ́n á sọ ọ́ jáde, Yorùbá tó já gaara, kò sí ibi tí wọ́n ti kọsẹ̀. Wọ́n sọ bí ìyá ti máa ń ka ìwé ìròyìn fún wọn, tí á fo ibi tí ìròyìn burúkú wà, tí á sì rò pé àwọn kò mọ̀. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín pẹ̀lú ẹkún. Wọ́n sọ nípa ìró, wọ́n sọ nípa orogún.

Ibẹ̀ ni mo wà tí ojú ẹ̀rọ ṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó sì kú. Kò sí ìlà, kò sí ìmọ́lẹ̀. Mo ti dìde ààbọ̀, akọrin ẹ̀gbẹ́ mi fà mí láṣọ. Tísà kò dúró. Gbólóhùn ń tẹ̀ lé gbólóhùn, wọ́n ń kà á lọ níwájú ojú dúdú yẹn, títí wọ́n fi dé "Ó dàárọ̀, olùkàwé mi," tí wọ́n sì yọ ohun ìgbọ́rọ̀ kúrò létí.

Nígbà tí wọ́n jókòó, wọ́n fi orí sẹ́yìn sọ́dọ̀ mi.

"Ṣé àwòrán rẹ̀ ṣì wà?"

"Ó ti kú, Bàbá. Láti ibi tí ẹ ti ń sọ̀rọ̀ ìró."

"N kò gbọ́ nígbà tó kú, ohùn kò dákẹ́," ni wọ́n wí. Wọ́n na ọwọ́, wọ́n pa ẹ̀rọ náà dé jẹ́jẹ́, wọ́n sì ní kí Báyọ̀ mú àwọn lọ síbi ibojì.