Máòsì Tó Dábùú

Okùn àgbò Iléyá gùn ju ti máòsì inú yàrá kọ̀ǹpútà Àǹtí Rùkáyátù lọ. Àgbò ṣì lè yí igi tí wọ́n so ó mọ́ po lẹ́ẹ̀mẹta kí okùn tó ká mọ́ ọn lọ́rùn. Máòsì tiwọn, bó bá ti rìn díẹ̀, ó parí. Mẹ́jọ ni wọ́n. Mọ́kànlá ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Nígbà tí mẹ́ta fẹsẹ̀ fẹ́ẹ ní sáà kan ṣoṣo, Ọ̀gbẹ́ni Aaron Abórìṣàdé tó ni ilé-ẹ̀kọ́ náà, tí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ jọ ń pè ní Dádì, ránṣẹ́ pe Súbérù káfíńtà. Súbérù lu ihò sí apá ọ̀tún tábìlì kọ̀ọ̀kan, ó ti okùn máòsì bọ ibẹ̀, ó sì fi báídìn wáyà so ó mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì nísàlẹ̀. Kò bi ẹnikẹ́ni bóyá gbogbo ọmọ ló ń lo ọwọ́ ọ̀tún. Dádì náà kò bi í. Láti ìgbà náà, a kì í purọ́ mọ́ ẹni, máòsì kankan kò tún sọnù. Sùúrù Àǹtí Rùkáyátù nìkan ló kù tó ń sọnù.

Ìsẹ́yìn ni wọ́n bí obìnrin yìí sí. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méje, ìyá tó bí bàbá rẹ̀ ṣàkíyèsí pé ọwọ́ òsì ló fi ń bu òkèlè, ó ní ọmọ yìí ń bọ̀ wá fi òsì júwe ilé baba rẹ̀ fún àlejò. Ó fa ògbólógbòó gèlè kan ya, ó fi di ọwọ́ náà mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni di ẹrù, ọdún kan àbọ̀ ló sì fi wà bẹ́ẹ̀. Ìtọ́jú náà jẹ́. Ọwọ́ ọ̀tún kọ́ iṣẹ́ tí kì í ṣe tirẹ̀: ó ń jẹun, ó ń kí èèyàn, ó ń kọ̀wé tó dà bíi pé adìyẹ ló ta sórí tákàdá. Òun náà ló bá a dé Òṣòdì, níbi tó ti fi ogún ọdún tẹ ìwé fún àwọn tó ń wá iṣẹ́, tí àwọn yẹn ríṣẹ́ tí wọ́n lọ, tí òun ṣì jókòó síbẹ̀ kí Dádì tó gbà á ṣe tíṣà kọ̀ǹpútà. Ní báyìí tó ti di ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta, ọrùn ọwọ́ náà ti ń fi ẹ̀hónú hàn. Láràárọ̀ ni ó ń fi Róòbù pa á, tí ó ń fi báńdéèjì wé e, tí ó sì ń gbé e lọ síbi iṣẹ́ bí ẹni gbé ọmọ tó ń ṣàìsàn.

Òkè kẹta ló ń gbé ní Jakande Estate. Á sọ̀ kalẹ̀, á gba Òkè-Àfà, á wọ ọkọ̀ méjì, á fẹsẹ̀ rin èyí tó kù dé ilé-ẹ̀kọ́ ní Ṣógúnlé, ibẹ̀ ló sì ti máa bá ọmọ méjìlélọ́gbọ̀n tí wọ́n fẹ́ fi máòsì mẹ́jọ kọ́ bí wọ́n ṣe máa jọba ayé. Tí wọ́n bá bi í pé kí ló rẹ̀ ẹ́, á ní kò sí èyí tí kò rẹ òun nínú rẹ̀.

Nafeesah ló wá fi kún un. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni, ní Pírámárì Fọ́ọ̀, ọwọ́ òsì sì ni Ọlọ́run fún un láti fi ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó na ọwọ́ òsì kọjá níwájú àyà rẹ̀ láti bá máòsì ní apá ọ̀tún, ó wá dà bí ẹni tó fẹ́ gbá ara rẹ̀ mọ́ra. Kò rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ó bá fa máòsì náà wá sí òsì títí okùn fi le gan-an. Nítorí pé ọ̀tún ni ihò Súbérù wà, máòsì kò lè kọjú síwájú mọ́. Ó dábùú sórí tábìlì, ó kọrí sí ọ̀tún.

Ẹni tó bá ti di máòsì mú rí mọ wàhálà tó wà níbẹ̀. Tí Nafeesah bá ti ọwọ́ síwájú, ọfà ojú kọ̀ǹpútà á sá lọ sí òsì. Tó bá fẹ́ kí ọfà gòkè, àfi kó ti ọwọ́ sí ọ̀tún. Àǹtí Rùkáyátù bá a tún máòsì gbé lẹ́ẹ̀kan, ó bá a tún un gbé lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà kẹta, ó rẹ̀ ẹ́, ó fi í sílẹ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé ní orúkọ ńlá tí wọ́n ń pe irú ìkọ́ni bẹ́ẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹrin, ọmọ náà ti ń fi máòsì tó dábùú ya ilé olójúlé mẹ́ta, nígbà tí àwọn ọlọ́wọ́ ọ̀tún ṣì ń lé ọfà kiri bí ẹni ń lé adìyẹ tí wọ́n fẹ́ pa.

"Àǹtí, ṣé ó burú?" ni Nafeesah bi í lọ́jọ́ kan.

"Kí ló burú?"

"Bí mo ṣe gbé e."

"Ilé tí o yà yẹn, ṣé ó wó?"

"Kò wó, mà."

"Kí lo wá ń bi mí sí? Máa yà á lọ."

Ọmọ náà kò tíì lọ. Ó gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ sókè, ó ń wò ó. "Ìyá Àgbà ní àwọn máa di ọwọ́ yìí tí ò bá jáwọ́."

"Kò sẹ́ni tó máa di ọwọ́ rẹ," ni Àǹtí Rùkáyátù sọ. Ọ̀rọ̀ ti bọ́ kó tó rántí pé òun kò láṣẹ kankan lórí ọwọ́ ọmọ ọlọ́mọ.

Kò pẹ́ tí Ìyá Àgbà fúnra rẹ̀ fi dé. Àlhájà Ìsíátù ni, ìyá Mùktárù tó bí Nafeesah. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ọmọ náà ń gbé, òun sì ni ilé gbogbo ń bẹ̀rù. Ó jókòó sí ọ́fíìsì Dádì, ó gbé báàgì lé itan, wọ́n sì pe Àǹtí Rùkáyátù wá.

"Dádì, mo ní kẹ́ ẹ kọ́ ọmọ yìí ní ìwé. Òsì lílò ni mo gbọ́ pé ẹ̀ ń kọ́ ọ."

"Áà, Àlhájà, ká má rí i! Apá ọ̀tún ni gbogbo máòsì wa wà. Ẹ jẹ́ ká lọ wò ó."

"Ta ló wá kọ́ ọ?"

Dádì wo Àǹtí Rùkáyátù bí ẹni tó fẹ́ fi ojú na èèyàn.

"Bó ṣe rọ̀ ọ́ lọ́rùn ló ń ṣe é, mà," ni Àǹtí Rùkáyátù sọ. "Ó sì mọ̀ ọ́n ṣe ju àwọn tó kù lọ."

"Tíṣà! Ọwọ́ tí wọ́n fi ń ṣan ìdí?"

"Kọ̀ǹpútà ò mọ̀, mà."

Dádì wúkọ́. Àlhájà ò bínú. Ẹni tó ti fi ogójì ọdún ná ọjà mọ ìgbà tó yẹ kéèyàn dárúkọ iye tó fẹ́ san. Ó ní, "Ó dáa. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá pe àwọn òbí, màá wá. Tó bá fi ọwọ́ yẹn ya nǹkan tó jọ nǹkan lójú gbogbo ayé, mi ò ní sọ̀rọ̀ mọ́. Tí ò bá rí i ṣe, ọjọ́ Mọ́ńdè ni mo máa dì í. Gèlè tí mo máa lò gan-an ti wà nílẹ̀."

Ọwọ́ òsì Àǹtí Rùkáyátù ká wọ abẹ́ ìbòrí rẹ̀ láìjẹ́ pé ó rán an.

Ọjọ́ àwọn òbí bọ́ sí Sátidé. Dádì kò fẹ́ kí ohunkóhun dójú ti òun, nítorí náà, lọ́sàn-án Fúráìdè tí Àǹtí Rùkáyátù ti lọ sílé lọ na ẹ̀yìn, ó tún ké sí Súbérù. Ó ní okùn àwọn máòsì yìí ń rí wúruwùru, kó bá òun fà á kó mọ́. Súbérù kì í ṣe iṣẹ́ ààbọ̀. Ó fa gbogbo wọn wálẹ̀, ó tún wọn so, ó fún wáyà náà mọ́ra títí tó fi jẹ́ pé máòsì kọ̀ọ̀kan kàn lè mí ni, kò lè rìn jìnnà.

Àǹtí Rùkáyátù kò mọ̀. Àwọn ọmọ ló ń tò sórí ìlà ní ìta láti àárọ̀, tó ń bá wọn de bọ́tìnnì, tó ń gba àkàrà lọ́wọ́ wọn. Jẹnẹrétọ̀ ń ké lẹ́yìn ògiri, fáànù kan ṣoṣo ń fẹ́ ooru láti apá kan yàrá lọ sí apá kejì, àwọn òbí sì dúró yí tábìlì ká. Àwọn ọmọ mẹ́ta kọ́kọ́ ya ilé àti òdòdó. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún wọn. Dádì ní, "Nafeesah!"

Nafeesah jókòó. Ó di máòsì mú, ó fà á wá sí òsì. Máòsì kò wá. Ó tún fà á. Ó wo Àǹtí Rùkáyátù, ó wo tábìlì, ó wá na ọwọ́ òsì kọjá níwájú àyà rẹ̀, ó gbá máòsì tó kọjú síwájú náà mú. Ó ti ọwọ́ sí ọ̀tún kí ọfà lè gòkè, ọfà gba ọ̀tún lọ ràì. Ó tì í síwájú, ọfà gòkè. Ìlà kan wọ́ gba ojú kọ̀ǹpútà kọjá bíi ti ìgbín tó ṣìnà. Bàbá kan rẹ́rìn-ín sínú apá aṣọ rẹ̀.

"Mọ́ńdè," ni Àlhájà Ìsíátù sọ jẹ́jẹ́, bí ẹni ń rán ara rẹ̀ létí.

Àǹtí Rùkáyátù rí okùn náà nígbà náà. Ó wo ilẹ̀, ó wo orúnkún ara rẹ̀ tó ti gun òkè kẹta, tó ti wọ ọkọ̀ méjì. Ó mí kanlẹ̀. Ó kúnlẹ̀, orúnkún dún pò, ó sì rá wọ abẹ́ tábìlì.

"Àǹtí Rùkáyátù, kí lẹ ń wá níbẹ̀ yẹn?" Dádì ni.

"Wáyà Súbérù, sà."

"Ẹ má tú u o! Máòsì yẹn máa lọ!"

"Níbo ló fẹ́ lọ, sà? Gbogbo wa la jọ wà níbí."

Ó fi ọwọ́ ọ̀tún di wáyà náà mú, ó lọ́ ọ. Ìrora ta láti ọrùn ọwọ́ dé ìgúnpá, ìka yọ̀. Ó tún un mú, ó tún yọ̀. Ó sinmi lé ẹsẹ̀ tábìlì, òógùn ń kán sí i lójú, ó ń gbọ́ bí àwọn òbí ṣe ń ráhùn lókè. Ìgbà tó fi máa mọ̀, ọwọ́ òsì ti lọ bá wáyà náà. Ẹnikẹ́ni kò rán an níṣẹ́ gidi láti ọ̀pọ̀ ọdún wá, kò sì bèèrè ohunkóhun. Ó wá orí wáyà, ó rí i, ó sì ń tú u díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tú irun.

Àlhájà Ìsíátù ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń yọjú wo abẹ́ tábìlì.

"Tíṣà. Ìwọ náà?"

"Wọ́n ti dì í nígbà kan rí, mà."

"Ta ló dì í?"

"Ìyá bàbá mi. Gèlè ni wọ́n fi dì í. Ọdún kan àbọ̀."

"Ó sì jáwọ́?"

"Ẹ wo nǹkan tó ń ṣe, mà."

Àlhájà wò ó. Wáyà náà já bọ́ sílẹ̀. "Gèlè yẹn," ni ó bi í, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀, "ṣé ó fún pinpin?"

"Ó fún pinpin, mà."

Àlhájà dìde. Àǹtí Rùkáyátù náà rá jáde, eruku kún ìbòrí rẹ̀. Ó gbé máòsì tó ti dòmìnira náà sí apá òsì, ó kọjú rẹ̀ síwájú dáadáa bí ìwé ṣe wí. Nafeesah wò ó bí ẹni ń wo àlejò. Ó yí i, ó gbé e dábùú, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Kò ya ilé lọ́jọ́ náà. Ó ya obìnrin sísanra kan, ó we gèlè fún un, ó gbé báàgì kọ́ ọ lápá, ó sì fi ìlà mẹ́ta sí i níwájú orí níbi tó ti fajúro. Àwọn òbí bẹ̀rẹ̀ sí í wo Àlhájà.

"Èmi nìyí," ni Àlhájà sọ. Kò sẹ́ni tó jiyàn. "Ṣùgbọ́n kí ló dé tó fi jẹ́ pé ọwọ́ òsì ni mo fi gbé báàgì?"

"Ọwọ́ tẹ́ ẹ fi gbé e náà nìyẹn, Ìyá Àgbà."

Gbogbo yàrá wo apá òsì Àlhájà, níbi tí báàgì náà rọ̀ sí. Òun náà wò ó. Ó gbé e bọ́ sí ọ̀tún, kò rọ̀ ọ́ lọ́rùn, ó dá a padà.

"Ó jọ nǹkan," ni ó wí. "Mi ò ní dì í. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ yẹn gbé omi fún mi o."

"Kò ní gbé e, mà," ni Àǹtí Rùkáyátù dáhùn. Ó wá ibi tó máa jókòó sí.

Nígbà tí àwọn òbí lọ tán, Dádì dé pẹ̀lú ìwé àkọsílẹ̀. Ó ní inú òun dùn, ojú ò ti ilé-ẹ̀kọ́ náà, ṣùgbọ́n òun kò lè fi máòsì tí wọn kò so sílẹ̀ nínú yàrá kí ilẹ̀ ṣú bá a. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé lọ́wọ́ Àǹtí Rùkáyátù ló wà, ó ní kó fọwọ́ sí i. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di pé ó ń gbé máòsì lọ sí Jakande lálaalẹ́, tó sì ń gbé e padà láràárọ̀.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, ìyá Khàlíl dúró sí ẹnu ọ̀nà yàrá kọ̀ǹpútà, ó di ọmọ rẹ̀ mú. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, mo gbọ́ pé ẹ ti ń tú u. Ọlọ́wọ́ òsì ni tèmi náà."

Àǹtí Rùkáyátù wo Khàlíl, ó wo abẹ́ tábìlì. Ó yọ bàtà rẹ̀ kí orúnkún lè ráyè, ó kúnlẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, kò da ara rẹ̀ láàmú láti fi ti ọ̀tún dán an wò.

Kí sáà tó parí, máòsì mẹ́ta ló wà nínú báàgì rẹ̀, tí wọ́n ń kan ara wọn gbọ́-gbọ́-gbọ́ bó ṣe ń gun òkè kẹta. Ní àjà kejì, ó dúró, ó mí, ó gbé báàgì náà bọ́ sí èjìká kejì, ó ń gùn ún lọ.