Wọ́n Yọ Tòkunbọ̀ Kúrò Nínú Ẹbí

Mikail kì í ṣe ọmọdé. Kíréènì tó ń gbé kọ̀ǹténà nínú ọkọ̀ òkun ló ń wà ní èbúté Lẹ́kkí, irùngbọ̀n rẹ̀ sì ti ń funfun. Ṣùgbọ́n bó bá ti ibi iṣẹ́ dé ilé ní Ajah, tó wẹ̀, tó kírun, tó jẹun tán, páàdì géèmù ló kù tí yóò gbé. Àwọn àna rẹ̀ a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́. Mikail a máa tẹ páàdì rẹ̀ lọ ní tirẹ̀. Ẹni tó dá jókòó lókè téńté látàárọ̀, tí kò rí ẹni bá sọ̀rọ̀ àfi nínú rédíò, ṣé kò yẹ kó rí ẹni bá ṣeré nírọ̀lẹ́ ni?

Ẹni tó ń bá ṣeré jù ni Adétòkunbọ̀. Wọn kò fojú kan ara wọn rí. Inú ẹgbẹ́ kan lórí wasáàpù ni wọ́n ti pàdé, ẹgbẹ́ àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù orí géèmù. "Ẹbí Páàdì" ni wọ́n ń pe ara wọn. Lọ́jọ́ tí ìyá Mikail kú, Tòkunbọ̀ kò gbá bọ́ọ̀lù kankan. Ó kàn ń bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù títí ilẹ̀ fi ṣú.

Lójijì, Tòkunbọ̀ dákẹ́. Mikail pè é, fóònù kò lọ. Ó béèrè nínú ẹgbẹ́. Ẹnì kan ní bóyá ó ti jápa lọ sókè òkun, ẹlòmíràn fi àwòrán ẹ̀rín dáhùn. Ní òwúrọ̀ Sátidé kan, Mikail ṣí fóònù, ó rí i pé Tolúwani, ọ̀dọ́kùnrin ará Lẹ́kkí Phase 1 tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́, ti yọ Tòkunbọ̀ kúrò.

Mikail pe Tolúwani lójú ẹsẹ̀.

"Tolú, kí ni Tòkunbọ̀ ṣe?"

"Kò ṣe nǹkan kan o, bọ̀dá mi. Kì í ṣeré mọ́ ni. Ìdíje ń bọ̀, ẹlòmíràn sì fẹ́ wọlé."

"Ẹ ò tiẹ̀ béèrè bóyá ó wà láàyè?"

"Ẹ má bínú, géèmù lásán ni."

"Géèmù lásán! Ta ló wá pè é ní ẹbí? Èmi ni? Bí àbúrò rẹ kò bá wá jẹun nílé yín, ṣé ẹ óò gbé àwo rẹ̀ fún àlejò ni?"

Tolúwani ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dáa, ó pa fóònù.

Mikail wọ bàtà, ó ní òun ń lọ wá Tòkunbọ̀. Sìmbíátù ìyàwó rẹ̀ rí ojú rẹ̀, kò bá a jiyàn. Ó kó ọsàn sínú ọ̀rá. "Bó bá jẹ́ àìsàn ló ń ṣe é, ẹ má lọ lọ́wọ́ òfo o."

Ohun tí Mikail mọ̀ kò ju pé Badore ni Tòkunbọ̀ ń gbé, àti pé ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi a máa bú lẹ́yìn ohùn rẹ̀. Ó gba èbúté Badore lọ, ó ń béèrè lójúlé dé ojúlé: "Ẹ jọ̀ọ́, ta ló máa ń pariwo 'góòlù' nírọ̀lẹ́ ládùúgbò yìí?" Obìnrin kan tó ń sá aṣọ rẹ́rìn-ín, ó nàka sí géètì kan.

Àǹtí Fẹ́yìsayọ̀, ẹ̀gbọ́n Tòkunbọ̀, ló ṣílẹ̀kùn. Ó ní àrùn rọpárọsẹ̀ ló kọlu àbúrò òun. Fóònù rẹ̀ fọ́ níbi tó ṣubú sí. Tòkunbọ̀ jókòó sórí àga, ọwọ́ òsì rẹ̀ wà lórí itan bí ohun tí wọ́n gbàgbé síbẹ̀. Ó wo àlejò, kò mọ̀ ọ́n.

"Èmi ni. Mikail ni."

Ohùn yẹn ló mọ̀. Omijé bọ́ lójú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ wúwo lẹ́nu rẹ̀: "O... o ga tó báyìí?"

Àǹtí Fẹ́yìsayọ̀ ní, "Àwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ̀ ti wá kí i. Nínú ẹ̀yin tẹ́ ẹ jọ ń ṣe géèmù, ẹ̀yin nìkan la rí. A tiẹ̀ rò pé ọmọdé ló ń bá ṣeré."

Ọ̀rọ̀ náà gún Mikail. Ó gbé fóònù, ó sọ̀rọ̀ sínú ẹgbẹ́ níwájú wọn: "Tòkunbọ̀ kò jápa. Ara rẹ̀ ni kò yá. Badore ló wà, kò jìnnà sí ẹnikẹ́ni nínú yín!"

Kíá ni àdúrà bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wọlé, àwòrán ọwọ́ tí wọ́n pa pọ̀ lóríṣiríṣi. Tolúwani dá orúkọ Tòkunbọ̀ padà sínú ẹgbẹ́. Tòkunbọ̀ rẹ́rìn-ín: "Fi wọ́n sílẹ̀. Ta ló gba ìdíje tó kọjá?" Mikail kò rẹ́rìn-ín. Ìka ni wọ́n fi ń tẹ "àmín" lórí fóònù, ta ni yóò fi ẹsẹ̀ rìn wá wò ó?

Láti ìgbà náà, bí kò bá ti sí níbi iṣẹ́ ní Sátidé, Badore lẹ óò ti rí i. Páàdì kan ṣoṣo ni wọ́n jọ ń dì mú: Tòkunbọ̀ ń fi ọwọ́ ọ̀tún gbá bọ́ọ̀lù, Mikail ń fi ọwọ́ òsì darí eré. Gbogbo èèyàn ló ń nà wọ́n nínú géèmù.

Nígbà tó yá, Tolúwani wá sí ilé Tòkunbọ̀ ní Badore. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó dọ̀bálẹ̀. Mikail dáhùn kíkí rẹ̀, ó sún fún un kó jókòó, ṣùgbọ́n kò bá a sọ̀rọ̀ mìíràn lọ́jọ́ náà.