Ọwọ́ Tó Rán Kóòtù Israel

Ẹni tó ṣu ló máa ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ọ̀rọ̀ yìí ló wá sí Oyèkànmí lọ́kàn lọ́sàn-án ọjọ́ Tuesday kan, nígbà tí Israel Ọlágúnjú, ọmọ àbúrò ìyá rẹ̀, ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ wọn ní Lithonia wọlé, tó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́," tí kò sì dá a mọ̀.

Báwo ni yóò ṣe dá a mọ̀? Ọmọ ogún ọdún kan tó tín-ín-rín, tó dirun, tí gbogbo ilé ń pè lóbìnrin, ni Israel mọ̀ ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Ọkùnrin tó dúró tì í báyìí ní irùngbọ̀n tó kún, ohùn rẹ̀ sì ń ti ìsàlẹ̀ àyà bọ̀. Wọ́n bí Oyèkànmí bí obìnrin, ṣùgbọ́n láti kékeré ló ti mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé ọkùnrin lòun. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ níjọ́ kẹjọ, èmi ò ní dá a sọ níbí. Ẹni tó ni ín ti kọ̀ ọ́, kí ló wá kàn mí níbẹ̀? Oyèkànmí lorúkọ tó fúnra rẹ̀ yàn, òun náà ló sì wà lórí ìwé rẹ̀.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ohun tí Israel fojú rẹ̀ rí, kí ẹ lè mọ̀ pé inú kì í ṣàdédé bí èèyàn fún ọdún mẹ́rin.

Nígbà tí Oyèkànmí ti Ọ̀yọ́ dé òkè òkun níbí pẹ̀lú físà akẹ́kọ̀ọ́, ilé Aunty Damaris, àbúrò ìyá rẹ̀, ní Grayson ló dé sí. Nọ́ọ̀sì ni Aunty Damaris, òun sì ni olórí àwọn obìnrin nínú ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Israel nìkan ló bí, Israel sì fi ọdún mẹ́ta ju Oyèkànmí lọ. Nínú ilé yẹn, ìkọ̀kọ̀ ni Oyèkànmí ti ń ṣe gbogbo nǹkan. Ó ra báíńdà kan, àwọ̀tẹ́lẹ̀ líle tó máa ń tẹ ọyàn mọ́lẹ̀ kí àyà lè tẹ́ pẹrẹsẹ. Ọwọ́ ló fi ń fọ̀ ọ́, inú kọ́ńbọ́ọ̀dù ló sì ń sá a sí.

Lọ́jọ́ kan ó wá báíńdà náà títí, kò rí i. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ló fi báńdéèjì wé àyà lọ sí kíláàsì, títí tí egungun ìhà rẹ̀ fi wú tí kò lè mí dáadáa mọ́. Nígbà tó di Sunday, lẹ́yìn ìsìn, Aunty Damaris pe pásítọ̀ àti obìnrin mẹ́ta wá sí pálọ̀, ó sì tẹ́ báíńdà náà sórí tábìlì níwájú wọn. Ó ní Israel ló bá a nínú ẹrù ọmọ náà. Wọ́n yí ọmọ náà po, wọ́n ń bi í léèrè ohun tí kò yẹ kí àgbà máa bi ọmọ. Aunty Damaris ní láéláé, kò sí ojú tí yóò wo irú rẹ̀ tí yóò pè é lọ́kùnrin. Israel wà lórí àtẹ̀gùn, ó ń tẹ fóònù. Oyèkànmí ń wò ó pé kó sọ ọ̀rọ̀ kan, ẹyọ kan péré. Kò gbójú sókè.

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti kó báàgì rẹ̀ méjèèjì sí bùútù ọkọ̀, wọ́n sì já a sílẹ̀ níwájú ibùdó rélùwéè. Kó tó di ọjọ́ kejì, ìròyìn ti dé Ọ̀yọ́. Láti ìgbà náà, ìyá Oyèkànmí kò gbé fóònù rẹ̀ mọ́. Ìyá tó bí i lọ́mọ o! Aunty Damaris dùn ún, ṣùgbọ́n Israel ló dùn ún jù, nítorí ojú kan náà ni wọ́n jọ ń sá fún nínú ilé yẹn, wọ́n sì jọ ń jẹun nínú àwo kan. Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Ohun kan ṣoṣo ló ń wù ú lójú ayé: kí Israel náà dúró láàárín èrò lọ́jọ́ kan, kí wọ́n máa wo ara rẹ̀, kí ó sì má ríbi sá sí.

Obìnrin ará Ìbàdàn kan, Alhaja Modinat, ló gbà á sí ṣọ́ọ̀bù. Kò bi í ní nǹkan kan ju pé ṣé ó lè tẹ máṣíìnì. Nígbà tí abẹ́rẹ́ tí dókítà ń kọ fún un, èyí tó ń sọ ara di ti ọkùnrin, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́, tí irùngbọ̀n ń yọ níhìn-ín lọ́hùn-ún, ìyá náà ní kó yáa lọ tún un ṣe lọ́dọ̀ bábà, onígbàjámọ̀, pé òun ò gba ọkùnrin onírùngbọ̀n játijàti síṣẹ́. Ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí àgbà kan máa pè é lọ́kùnrin. Oyèkànmí wọnú bálùwẹ̀, ó sunkún, ó bọ́jú, ó jáde, ó ń báṣẹ́ lọ.

Ó mọṣẹ́ náà débi pé àwọn ọkùnrin tó dà bíi tirẹ̀ ń wakọ̀ láti Smyrna wá bá a ní Saturday. Yóò sọ fún wọn pé ṣẹ́ẹ̀tì tó fún ló máa ń tú àṣírí àyà, kí wọ́n wá èyí tó nípọn díẹ̀, tó dúdú, tó ní àpò láyà. Yóò ní ojú rírán gbọ́dọ̀ kọjá eegun èjìká díẹ̀, kóòtù ò gbọdọ̀ fún níbàdí, kó sì gùn kọjá ibi tí ìdí ti fẹ̀ jù. Ṣòkòtò tó lọ gbọọrọ dé ilẹ̀ ló yẹ wọ́n, bẹ́líìtì kò sì gbọdọ̀ gòkè ìdodo. Tí wọ́n bá lọ gẹrun, kí bábà gé e níwájú orí kó ní igun, kó má ṣe rí róbótó. Tí wọ́n bá ń rìn, kí wọ́n yéé súnra kì bí ẹni tó ń tọrọ àyè. Àmọ́ tọ́rọ̀ bá kan báíńdà, eré tán nìyẹn. Wákàtí mẹ́jọ ni, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì sẹ́ni tó gbọdọ̀ fi sùn. Ẹni tó bá dárúkọ báńdéèjì níwájú rẹ̀, yóò gba èébú.

Irú ọwọ́ báyìí ni Israel wá fa ara rẹ̀ lé. Ó ń gbé Joanna níyàwó ní Saturday ọ̀sẹ̀ kejì, ó sì fẹ́ kí wọ́n rán kóòtù tí yóò wọ̀ lọ́jọ́ náà. Oyèkànmí mú téèpù, ó wọn èjìká, ó wọn àyà, ó wọn ìdí. Nígbà náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ohun tí aṣọ gbàgẹ̀rẹ̀ ti ń bò láti ọjọ́ yìí: èjìká Israel tín-ín-rín, ìdí rẹ̀ fẹ̀, àyà rẹ̀ sì yọ bí ti wúńdíá. Ó kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní kó padà wá ní Thursday tó ṣáájú ìgbéyàwó.

Nígbà tí Israel lọ tán, ó jókòó ti aṣọ náà, ó sì yí gbogbo òfin tó ń kọ́ àwọn èèyàn padà sẹ́yìn. Ó gé èjìká kóòtù wọnú, ó fún un níbàdí, ó jẹ́ kó dúró gẹ́lẹ́ síbi tí ìdí ti fẹ̀ jù, aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló sì fi sáyà. Ó ń rẹ́rìn-ín bó ti ń tẹ máṣíìnì. Alhaja Modinat gbé kóòtù náà sókè lọ́jọ́ kejì, ó bi í pé obìnrin wo ló ń ránṣọ fún. Ó ní kì í ṣe obìnrin. Ìyá náà wò ó títí, ó gbé e kalẹ̀, ó ní kó rántí pé orúkọ òun ló wà lọ́rùn aṣọ yẹn. Oyèkànmí fà á padà sábẹ́ máṣíìnì.

Ọjọ́ Thursday pé. Israel wọ kóòtù náà, ó sì yíjú sí dígí. Háà, aṣọ náà jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán an! Àyà yọ síta, ìbàdí fún, ìdí gbọn síta bí ti ìyàwó ọ̀ṣìngín. Oyèkànmí dúró sẹ́yìn rẹ̀, ó káwọ́ gbera. Inú rẹ̀ dùn, n kò ní parọ́ fún yín, inú rẹ̀ dùn wọnú eegun. Ó ń retí kí Israel pariwo pé wọ́n ti ba aṣọ òun jẹ́.

Israel ò pariwo. Ńṣe ló fi ọwọ́ méjèèjì bo àyà, ó sì tẹ èjìká síwájú. Oyèkànmí mọ ìdúró yẹn. Bí òun náà ṣe ń dúró níwájú dígí nìyẹn láti ọmọ ọdún méjìlá. Israel bojú wẹ̀yìn, ó rí i pé Alhaja ti lọ kírun ní yàrá kejì, ó wá fohùn sílẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, kóòtù yín ò ṣe nǹkan kan. Ara mi ló rí báyìí. Láti kékeré ni mo ti ní ọyàn. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ mọ nǹkan tẹ́ ẹ lè ṣe sí i?"

Bí ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ìtìjú kì í ti í lè dákẹ́, ó tú gbogbo rẹ̀ jáde. Ó ní ìbátan òun kan ń gbé lọ́dọ̀ wọn nígbà kan, òun rí àwọ̀tẹ́lẹ̀ kan tó sá sí kọ́ńbọ́ọ̀dù, òun gbìyànjú ẹ̀ wò, òun sì jí i. Ó ní ọ̀sẹ̀ kan tóun fi wọ̀ ọ́ lòun fi ṣẹ́ẹ̀tì nìkan lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé òun. Ìyá òun wá fà á yọ lábẹ́ ìrọ̀rí òun. Ìtìjú mú òun, òun ní inú ẹrù ìbátan òun lòun ti rí i, òun fẹ́ mú un wá fún ìyá òun ni. Ó ní wọ́n lé ẹni náà lọ, òun ò sì mọ ibi tó wà dòní.

Píìnì tó wà lẹ́nu Oyèkànmí jábọ́. Ṣé inú rẹ̀ wá rọ̀? Kò rọ̀ o. Ńṣe ló tún gbóná sí i. Ẹni tó kórìíra rẹ tó tà ọ́, ìyẹn yé èèyàn. Àmọ́ ẹni tó ní ẹgbò bíi tìẹ, níbi kan náà, tó wá ṣí tìẹ han ayé kí tirẹ̀ lè bò, kí la fẹ́ pe ìyẹn?

"Àwọ̀tẹ́lẹ̀ yẹn, dúdú ni," Oyèkànmí wí. "Okùn apá òsì rẹ̀ ti já. Òwú funfun ni mo fi rán an."

Israel yíjú padà. Ó wo irùngbọ̀n, ó wo iwájú orí, ó wá wo ojú, ojú sì ni kò lè tàn án. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, ó ń bẹ̀bẹ̀. Oyèkànmí ní kó dìde, pé ẹ̀bẹ̀ yẹn ò kan òun. Ó ní kó pe ìyá rẹ̀, kó ṣí sípíkà, kó sọ ohun tó sọ yìí fún un bó ṣe sọ ọ́ gan-an, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, bí kóòtù yẹn ṣe rí lára rẹ̀ ló máa wọ̀ ọ́ lọ síwájú pẹpẹ. Israel bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí Saturday kọjá. Oyèkànmí kàn nawọ́ sí fóònù ni.

Aunty Damaris ń wakọ̀ bọ̀ láti ibiṣẹ́. Israel sọ ọ́ tán pẹ̀lú ẹkún. Aunty Damaris mí kanlẹ̀.

"Israel, ta ni kò mọ̀? Òógùn rẹ ṣì wà lára ẹ̀ nígbà tí mo fà á yọ, àmì okùn ẹ̀ sì wà léjìká rẹ. Kí lo fẹ́ kí n ṣe, kí wọ́n máa fi ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí ṣe yẹ̀yẹ́? Ó sàn kó jẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi."

Israel di ojú rẹ̀. Ó jọ pé òun náà ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ìyá òun ti mọ̀. Ẹsẹ̀ Oyèkànmí tẹ máṣíìnì láìmọ̀, ó dún, Aunty Damaris sì bèèrè pé ta ló wà níbẹ̀.

"Ọkùnrin tó ń rán kóòtù mi ni, Mummy."

Ohùn obìnrin náà yí padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó dùn bí oyin. "Bọ̀dá mi, ẹ máà bínú o, sà. Ẹ bá wa bo àṣírí yìí, nítorí Ọlọ́run. Ọkùnrin bíi tiyín náà ni, ẹ mọ bí ìtìjú ṣe ń rí."

"Mo mọ̀ ọ́n, Aunty Damaris," Oyèkànmí dáhùn. "Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi. Ọmọ ẹ̀gbọ́n yín ni mí, èyí tẹ́ ẹ já sílẹ̀ ní rélùwéè."

Aunty Damaris ò pa fóònù. Wọ́n ń gbọ́ èémí rẹ̀. Aṣọ ò bá Ọmọ́yẹ mọ́, Ọmọ́yẹ ti rìnhòòhò wọjà.

Oyèkànmí mú abẹ tó fi ń tú aṣọ. Ó sún mọ́ fóònù kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè dé ibi tó ń lọ, ṣùgbọ́n Israel ló kọjú sí.

"Bọ́ kóòtù yẹn, kí n tú èjìká ẹ̀. Màá ṣe é tí ẹnikẹ́ni ò ní rí àyà ẹ. Ògidì ọkùnrin lo máa jẹ́ lójú gbogbo wọn ní Saturday. Ìyá ẹ á jókòó síwájú, wọ́n á máa kí i pé ọmọkùnrin ẹ̀ rẹwà, òun nìkan á sì mọ ọwọ́ tó sọ ẹ́ dà bẹ́ẹ̀."

Israel bẹ̀rẹ̀ sí í tú bọ́tìnnì lọ́kọ̀ọ̀kan. Fóònù ṣì wà lórí tábìlì, kò tíì kú.