Ìgbà Wo Ni Màlúù Tẹ̀ Yín?

Bí ẹ bá ń wá ẹni tó mọ ẹsẹ̀ màlúù ní ọjà ẹran Oko Ọba, Ìyá Uswat ni kí ẹ béèrè. Oyinadé ni wọ́n sọ ọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ṣùgbọ́n láti ìgbà tó ti bí àkọ́bí rẹ̀ obìnrin ni orúkọ ọmọ ti gbé ti ìyá mì. Bọ̀kọ́tọ̀ ló ń tà. Á gbé ẹsẹ̀ màlúù kan sókè, á yí i síhìn-ín, á yí i sọ́hùn-ún, á sì sọ fún ọ bóyá ẹran tó rìn jìnnà ni tàbí èyí tí ọkọ̀ gbé wá láti òkè Ọya. Ẹsẹ̀ tirẹ̀ ni kò mọ̀.

Kì í kúkú ṣe pé kò rí i. Ojoojúmọ́ ayé ló ń da omi sí i fún àlùwàlá, ìrun kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú tirẹ̀, Ọlọ́run sì ń gbà á, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tí èèyàn ń fọ̀ lójoojúmọ́, kì í wò ó. Ìlà dúdú kan yọ lórí èékánná àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀, bíi pé ọmọdé fi bíró fà á. Ìlà náà ń fẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi gba èékánná náà tán, ó wá kán sára awọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí yíǹkì. Ẹni tó bá béèrè, èsì kan náà ló ń gbà: màlúù ló tẹ̀ ẹ́. Ní Oko Ọba, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Èékánná dúdú lẹ́sẹ̀ ará ibẹ̀ dà bí ọ́ìlì lọ́wọ́ mẹkáníìkì, ta ló ń bi í pé kí ló dé?

Uswat tó ti wà nílé ọkọ ló fi ariwo lé e dé ilé ìwòsàn kan ní ìhà Ìkẹjà. Dókítà tó rí i níbẹ̀ ni Dókítà Ọládùnní, obìnrin Èkìtì kan tí ohùn rẹ̀ kì í ròkè. Ó jókòó sórí àpótí, ó gbé ẹsẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀ lé itan ara rẹ̀. Ìyá Uswat yára là á yé e pé màlúù ló tẹ̀ òun.

"Ìgbà wo ni màlúù tẹ̀ yín, mà?"

Ó lanu láti dáhùn. Ó kúkú rántí ọjọ́ náà dáadáa. Òjò rọ̀, ilẹ̀ ń yọ̀, akọ màlúù funfun kan já okùn, ó sì fi gbogbo ara dúró lé e lẹ́sẹ̀. Ó tún rántí bí òun ṣe gbá ẹsẹ̀ òsì mú lọ́wọ́ méjèèjì, tí òun ń fi ọ̀tún ta pọ́ún pọ́ún káàkiri tí gbogbo ọjà ń rẹ́rìn-ín. Ẹsẹ̀ òsì. Ó bojú wo ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ nílẹ̀, èékánná rẹ̀ mọ́ nigínnigín. Ó wo ọ̀tún lórí itan dókítà.

Wọ́n gé díẹ̀ níbẹ̀ lọ yẹ̀ wò. Èsì dé pé jẹjẹrẹ awọ ara ni. Ẹ̀rín ni Ìyá Uswat kọ́kọ́ rín. Jẹjẹrẹ ọmú lòun gbọ́ rí, òun gbọ́ ti ilé ọmọ. Kí ni jẹjẹrẹ wá dé orí èékánná? Ẹ̀rín náà bá a dé ẹnu ọ̀nà, ibẹ̀ ló ti di ẹkún. Wọ́n gé ọmọ ìka náà kúrò, wọ́n sì ní kò tíì tàn lọ síbòmíràn. Kó tó kúrò níbẹ̀ ni Dókítà Ọládùnní kọ́ ọ lóhun kan: ẹ̀jẹ̀ tó bá dì sábẹ́ èékánná á máa bá èékánná hù jáde, títí èèyàn á fi gé e dànù. Èyí tó bá dúró lójú kan, tó ń fẹ̀ sí i, ká má fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣeré.

Ẹlòmíràn ì bá padà sọ́jà kó dákẹ́. Ìyá Uswat di ẹni tó ń bẹ èèyàn kí wọ́n bọ́ bùútù rọ́bà kí òun lè wo èékánná wọn. Ó lọ bá àwọn olórí ẹgbẹ́ ọjà, ó ní kí wọ́n bá òun sọ fún ìjọba kí wọ́n máa rán ẹni tó mọ̀ nípa awọ ara wá wo ẹsẹ̀ àwọn èèyàn nínú ọjà. Wọ́n ní àwọn máa gbé e yẹ̀ wò. Gbogbo wa la mọ ibi tí wọ́n ń gbé irú rẹ̀ sí. Abdulmumin, alápatà kan tí ẹnu rẹ̀ mú ju ọ̀bẹ rẹ̀ lọ, sọ ọ́ ní Alhaja Èékánná.

"Alhaja Èékánná, ṣé bùútù nìkan ni kí n bọ́, àbí kí n bọ́ ṣòkòtò mọ́ ọn?"

"Bùútù tó, ọmọ mi. Ìyókù, ìyàwó ẹ ti ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀."

Ó tọrọ àforíjìn lọ́wọ́ Ọlọ́run lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ọjà ti gbọ́.

Ẹni kan wà tó dàgbà jù wọ́n lọ níbẹ̀, Dàwódù, tó ń fi okùn dá màlúù dùbúlẹ̀ kí wọ́n tó pa á. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, àfi tó bá kan ọ̀rọ̀ iṣẹ́ rẹ̀. Láti ìgbà èwe rẹ̀ tó ti ń ṣe é, màlúù ò tẹ̀ ẹ́ rí, gbogbo ọjà ló sì lè jẹ́rìí sí i. Ohun tó máa ń wí ni pé màlúù tó máa tẹ òun, ìyá rẹ̀ ò tíì lóyún rẹ̀.

Ní ọjọ́ kan, Ìyá Uswat ń kọjá lẹ́bàá ẹ̀rọ omi, ó bá a níbi tó ti bọ́ bùútù tó ń ṣan ẹsẹ̀. Èékánná ti tán lórí àtàǹpàkò ọkùnrin náà. Nǹkan dúdú kan ló rú jáde dípò rẹ̀, ó ń ṣomi. Dàwódù tètè ki ẹsẹ̀ tútù bọ bùútù.

Ìyá Uswat bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ káwọn lọ sí ilé ìwòsàn, kò gbọ́. Ó lọ bá ìyàwó rẹ̀, ìyẹn náà bẹ̀ ẹ́. Ìgbà tó lérí pé òun máa gbé igbá bọ̀kọ́tọ̀ òun wá pàtẹ sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ ni bàbá tó tẹ̀ lé e. Dókítà Ọládùnní ò sí níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ọ̀dọ́mọkùnrin dókítà kan ni wọ́n bá, ojú rẹ̀ ti rẹ̀, èrò sì kún ẹnu ọ̀nà rẹ̀ fọ́fọ́. Ó bi bàbá pé kí ló ṣe é lẹ́sẹ̀.

"Màlúù ló tẹ̀ mí," ni Dàwódù wí, kò tilẹ̀ wojú ẹnikẹ́ni.

Ìyá Uswat rò pé etí òun ló dún. Ọkùnrin tó lè bá èèyàn jà nítorí gbólóhùn yìí! Dókítà ti ń kọ oògùn egbò àti abẹ́rẹ́. Ìyá Uswat ní kí wọ́n jọ̀wọ́ gé díẹ̀ níbẹ̀ lọ yẹ̀ wò, jẹjẹrẹ ló ń ba òun lẹ́rù. Dókítà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó rọra ṣàlàyé pé jẹjẹrẹ awọ ara kì í sábà ṣe àwa aláwọ̀ dúdú, pé àwọn àfín ló ń bá jà, àtàwọn òyìnbó.

Ìyá Uswat tẹ̀ ba, ó bọ́ bàtà. Ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún lé orí àga ìgbàlejò, ibi tí àtàǹpàkò wà tẹ́lẹ̀ sì ń dán níwájú dókítà.

"Dókítà, ṣé òyìnbó ni mí?"

Bíró dúró. Dókítà náà wo ẹsẹ̀ yẹn, ó pẹ́ kó tó gbójú sókè, àárẹ̀ ojú rẹ̀ sì ti lọ. Ó yíjú sí bàbá, ó bi í pé ìgbà wo ni màlúù tẹ̀ ẹ́.

Dàwódù wo ilẹ̀. Èsì tó máa ń fi yangàn láàárín ọjà ló jáde lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹni ń túfọ̀ ló ṣe wí i: "Màlúù ò tẹ̀ mí rí."

Wọ́n gé díẹ̀ níbẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń yẹ irú rẹ̀ wò kò sí nínú ọgbà wọn, ó ní ibi tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí. Lónìí iná ò sí, lọ́la ẹni tó ń ṣe é lọ sípàdé. Ìyá Uswat kàn ń lọ jókòó síbẹ̀ ni, pẹ̀lú tẹ̀sùbáà rẹ̀, títí tó fi di pé wọ́n ń kí i bí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí èsì jáde, Dókítà Ọládùnní fúnra rẹ̀ ló pè wọ́n wọlé. Jẹjẹrẹ kan náà ni. Ó ti jẹ wọnú. Iwájú ẹsẹ̀ náà ní láti lọ, kíá sì ni, kó tó gòkè.

Wọ́n jáde sábẹ́ igi nínú ọgbà. Ìyá Uswat ń retí kó ní òun ò gé ẹsẹ̀. Ohun tó bọ́ lẹ́nu Dàwódù kò wá sí i lọ́kàn.

"Màá jẹ́ kí wọ́n gé e. Ṣùgbọ́n bá mi sọ fún wọn lọ́jà pé màlúù ló tẹ̀ mí."

Ìyá Uswat wojú rẹ̀. Ṣé ibi tí orúkọ àrùn yìí burú dé nìyí, tí ọkùnrin á fi gbé gbogbo iyì ayé rẹ̀ sọnù, kó lè fi í pamọ́?

"Ẹ̀gbọ́n, mo lè bá yín bẹ Ọlọ́run, mo lè bá yín sùn sí ilé ìwòsàn. Mi ò lè bá yín purọ́ mọ́ màlúù. Kò mọwọ́, kò mẹsẹ̀ níbẹ̀."

Ìyá Uswat kò bá a sọ ọ́ mọ́, kò sì bi í léèrè ohun tó fẹ́ wí fáráyé.

Nígbà tí Dàwódù fi ọ̀pá tẹlẹ̀ padà wọ ọjà, wọ́n pagbo yí i ká, wọ́n ń kí i kú ewu. Abdulmumin ló béèrè pé màlúù wo ló rí bàbá gbé ṣe báyìí, kí àwọn fi ṣe sàráà. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ìyá Uswat tẹ orí ba sórí igbá rẹ̀, ó ń ha irun lára bọ̀kọ́tọ̀ tí kò ní irun kankan mọ́.

"Màlúù kọ́," ni Dàwódù wí. "Jẹjẹrẹ ni. Èékánná ló ti bẹ̀rẹ̀."

Ẹ̀rín gé. Wọ́n tú ká ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kóówá ń wo ẹnu bùútù ara rẹ̀.

Ọjọ́ náà ti ń lọ nígbà tí Abdulmumin wá dúró níwájú igbá Ìyá Uswat, ó ń ná bọ̀kọ́tọ̀. Alápatà, tó ń ra ẹsẹ̀ màlúù! Ó gbé kan, ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó gbé òmíràn. Kò pe Alhaja Èékánná.

"Ìyá Uswat, tiyín yẹn, nígbà tó bẹ̀rẹ̀, ṣé ó ń dùn yín?"

"Kò dùn mí rárá."

Ojú rẹ̀ yí padà, àfi bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Ó jọ pé 'ó dùn mí' ló fẹ́ gbọ́, torí tirẹ̀ náà ò dùn ún.

Ìyá Uswat fẹsẹ̀ ti àpótí sí i, ó ní kó jókòó, kó bọ́ ọ. Ọkùnrin tó ń bó awọ màlúù láìwò ó tẹ̀ ba, ó di bùútù mú lọ́wọ́ méjèèjì, ó ń fà á, kò jáde.