Aṣọ Funfun Lórí Òpó Èbúté

Bí ẹ bá dé òtẹ́ẹ̀lì kékeré tó wà létí òkun ní erékùṣù tí mò ń wí yìí, tí ẹ rí obìnrin kan tó gbé ìrọ̀rí lé itan, tó ń lù ú bí ẹni tó mú olè, Ìyá Ìrọ̀rí nìyẹn. Kò sẹ́ni tó ń pè é ní nǹkan mìíràn mọ́. Òun ló máa ń wí pé àlejò tí kò bá sùn dáadáa kì í bá ara rẹ̀ wí, ìrọ̀rí ló máa ń bá wí. Òun ló ń fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì, òun ló ń gbálẹ̀, òun ló ń se oúnjẹ. Bí òrùlé bá jò, òun náà ló ń gun àkàbà lọ fi imọ̀ ọ̀pẹ dí i. Ẹni tó ni òtẹ́ẹ̀lì ń gbé lókè òkun, orí fóònù ló ti ń ṣe ọ̀gá.

Ẹ má retí nǹkan ńlá o. Yàrá mélòó kan tí wọ́n fi ọparun kọ́ ni, iyanrìn lẹ́nu ọ̀nà, alángbá lókè àjà. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibẹ̀, bí òjò bá ti ṣú báyìí, ó ti sá lọ nìyẹn. Ìdí nìyí tí òpó gíga kan fi wà lẹ́nu èbúté. Bí àlejò bá fẹ́ lọ, Ìyá Ìrọ̀rí á so aṣọ funfun mọ́ òpó yẹn, ọlọ́kọ̀ tó wà ní òdìkejì omi á rí i, á tan ẹ́ńjìnnì, á wá gbé e. Ìyá Ìrọ̀rí fúnra rẹ̀ ló dá àṣà yìí sílẹ̀. Òfin ibẹ̀ kò sì ju ẹyọ kan lọ: bí kò bá sí ẹni tí ọkọ̀ máa gbé, aṣọ funfun kankan kò gbọdọ̀ kan òpó.

Ọlọ́kọ̀ ọ̀hún, ọmọ bíbí inú rẹ̀ ni. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí sáyé.

Ìjà sì wà láàárín wọn. Nígbà tí ọmọ gbéyàwó, ó kó lọ sí òdìkejì omi. Kò pẹ́ tó fi padà wá bẹ ìyá rẹ̀: "Màámi, ẹ jẹ́ ká jọ máa gbé. Kí lẹ tún ń ṣe níbí? Ilé tó ń jò, ọ̀gá tí kò mọ̀ yín lójú." Háà, ọ̀rọ̀ náà wọ ìyá lára. Ibi tó ti fi omi ọṣẹ tọ́ ọmọ dàgbà, ibẹ̀ lọmọ wá ń yọ ṣùtì sí? Ó ní, "Ó dáa! Ibi iṣẹ́ ni ibí. Bí kì í bá ṣe àlejò lo gbé wá, o ò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ tẹ iyanrìn yìí mọ́!"

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Láti ọjọ́ náà, bí ọmọ bá gbé àlejò dé, á bá wọn sọ ẹrù kalẹ̀, á kígbe láti inú ọkọ̀ pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o, mà," bí ẹni tó ń kí aládùúgbò, á sì yí orí ọkọ̀ padà. Ìyá á ní, "Oo." Alágídí bí alágídí! Bí ọkọ̀ bá ti lọ tán, ìyá á wọlé lọ lu ìrọ̀rí.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, àlejò kan ṣoṣo ló wà nílé, obìnrin olùkọ́ kan tó wá sinmi. Sinmi kẹ̀! Ẹni tí ẹ̀rù ń bà láti àárọ̀ dalẹ́.

"Mà, kí ló ń rìn lókè àjà yẹn?"

"Alángbá ni."

"Ṣé omi òkun kì í wọlé bá èèyàn níbí, mà?"

"Bó bá fẹ́ wọlé, á kanlẹ̀kùn."

Òjò ti ń rọ̀ lemọ́lemọ́, aṣọ ò gbẹ. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, olùkọ́ tún yọjú. "Mà, ẹ má bínú o. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì mi ṣì tutù. Òtútù ò ní pa mí báyìí?"

Ìyá Ìrọ̀rí pòṣé sínú. Bí oòrùn ṣe ta díẹ̀, ó kó gbogbo aṣọ jáde, ó sá wọn, okùn kún. Ó wá ku aṣọ bẹ́ẹ̀dì olùkọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, atẹ́gùn sì ń fẹ́ dáadáa lẹ́nu èbúté. Ó wo aṣọ, ó wo òpó. "Ìṣẹ́jú díẹ̀ náà ni," ló wí, "kí ẹnu obìnrin yìí lè sinmi." Ó so ó mọ́ ọn. Ó padà sídìí ààrò, ó gbé omi kaná, ó sì gbàgbé pátápátá.

Ìjì ló rán an létí. Ojú ọ̀run dúdú lójijì, òkun bẹ̀rẹ̀ sí í bú. Ó sáré jáde lọ kó aṣọ. Ó ti kó ti orí okùn tán kó tó gbójú sókè, tó rí aṣọ funfun tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lórí òpó.

"Yéè! Mo gbé o!"

Gbogbo aṣọ tó kó bọ́ sílẹ̀ nínú iyanrìn. Ó já ti orí òpó, àmọ́ ẹni tó máa rí i ti rí i. Ó tẹ fóònù, kò lọ. Ó tún un tẹ̀, kò dún. Olùkọ́ sáré dé tòun ti agboòrùn. "Mà, kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Mo ti fi ọwọ́ ara mi pe ọmọ mi sínú ìjì!" Ó rojọ́ òpó àti aṣọ fún un, ọ̀rọ̀ ń já lura wọn lẹ́nu rẹ̀.

Olùkọ́ ronú díẹ̀. "Ṣùgbọ́n mà, òun ló gbé mi wá. Ó mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni mò ń lọ, kò sì sí àlejò mìíràn. Kí ló máa wá ṣe?"

Ara ìyá rọ̀ díẹ̀. "Òótọ́ lẹ sọ. Ó mọ̀. Ó sì ń bínú sí mi. Kò ní wá." Ó tún wo omi. Òun ló kọ́ ọmọ yẹn pé òkun kì í hó ruru ká wà á ruru. Ṣé ó rántí? Ó wá kúnlẹ̀ nínú iyanrìn tútù, ó gba àdúrà tí abiyamọ kì í gbà. "Ọlọ́run, jẹ́ kí inú ọmọ mi ṣì máa ru sí mi. Jẹ́ kó rí aṣọ yẹn kó pòṣé. Jẹ́ kó wí pé wàhálà tiwọn nìyẹn. Jẹ́ kó kórìíra mi títí òjò yìí á fi dá."

"Àmín," ni olùkọ́ wí, kò sì dá a lójú bóyá irú àdúrà yẹn ló yẹ kí èèyàn ṣe àmín sí. Atẹ́gùn gba agboòrùn lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sá wọlé. Òun tó ń sá fún alángbá, ó dúró nínú òjò, ó di èjìká ìyá mú.

Wọ́n wo omi títí. Gbogbo ohun dúdú tó bá ti yọ, ìyá á fò dìde. Lẹ́yìn náà ni ohun kan yọ lókèèrè, ó rì, ó tún yọ. Wọn ò gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì.

"Igi ni, mà."

"Igi wo ló ń wa àjẹ̀?"

Ọkọ̀ ni lóòótọ́, omi ti kún un dé ìdajì, ẹ́ńjìnnì ti kú, ọkùnrin kan ṣoṣo ló ń fi àjẹ̀ bá ìgbì jà. Ìyá Ìrọ̀rí sáré dé etí omi. Nígbà tí ìgbì tì í súnmọ́ etí omi, ọmọ fò sínú òkun, omi mu ún dé ìbàdí, ó di okùn ọkọ̀ mú.

"Màámi! Kí ló ṣe yín? Ibo ló ń dùn yín?"

"Kò síbi tó ń dùn mí! Aṣọ ni mo sá!" Ẹ̀rù sọ ọ́ di oníbìínú. "Ta ló ní kó o wá? Ṣé o ò mọ̀ pé kò sí àlejò tó ń lọ ni?"

"Mo mọ̀." Ó ń mí gúlegúle. "Ìdí tí mo fi wá nìyẹn. Mo ní bí kò bá sí àlejò tó ń lọ, a jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ ń pè mí."

Ìgbì ń gbá ọmọ lẹ́yìn, eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn, síbẹ̀ kò kúrò lójú kan.

"Kí lo ń dúró ṣe nínú omi? Jáde ńbẹ̀!"

Ọmọ wo iyanrìn, ó wo ojú ìyá rẹ̀. Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́ rárá.

"Màámi, mi ò gbé àlejò kankan wá o."

Ìyá Ìrọ̀rí gbé aṣọ tó já lórí òpó kọ́ èjìká. Ó wọ inú omi tòun tìró, ó gbá apá ọmọ mú, ó wọ́ ọ gun orí iyanrìn. Ó da aṣọ bẹ́ẹ̀dì olùkọ́ bò ó lórí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í nu irun rẹ̀ bí ìgbà tó ṣì ń wẹ̀ ẹ́ ní kékeré. "Wọlé, ọkọ mi," ló ń wí. "Wọlé, wọlé." Ẹkún ló fi ń sọ ọ́.

Olùkọ́ di okùn ọkọ̀ mú fún wọn. Kò bèèrè aṣọ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ mọ́.