Ó Ń Ṣí Lórí Fóònù Mi

Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ṣe ń ṣe wẹ́ẹ́bùsáìtì ló ń kó ìbéèrè wọn wá bá mi, nínú ṣọ́ọ̀bù tí mo háyà ní Ọ̀wọ̀ àti nínú gúrúùpù wa lórí fóònù. Bí ìbéèrè bá ṣe mọ ni èsì mi ń mọ. Ẹni tó bi mí bí lẹ́tà ṣe ń di pupa, mi ò ní da ìtàn íntánẹ́ẹ̀tì bò ó lórí. Inú máa ń bí mi sí àwọn tó ń dáhùn torí kí ayé lè mọ̀ pé wọ́n gbọ́n. Ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ, omi ló fẹ́, kò ní kí ẹ ti òun sódò.

Obìnrin kan wà láàárín wọn tó lè bí mi. Tíṣà ni ní ilé ìwé aládàáni kan ní Ùtẹ̀ kí wọ́n tó ti ibẹ̀ pa. Ọmọ Àkókó ni, ọmọ Ọ̀wọ̀ ni mí, nítorí náà Yorùbá inú ìwé la jọ ń sọ. Ó máa ń pè mí ní ọ̀gá, ojú a sì máa tì mí. Kò ní kọ̀ǹpútà. Fóònù tí gíláàsì ojú rẹ̀ ti fọ́ ló fi ń tẹ gbogbo kóòdù rẹ̀.

Iléeṣẹ́ kan ní Àkúrẹ́ wá kéde pé àwọn ń wá ẹni tí yóò máa bójú tó wẹ́ẹ́bùsáìtì àwọn láti ilé. Wọn ò béèrè ọjọ́ orí. Kí èèyàn ṣáà fi èyí tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ránṣẹ́. Màmá tíṣà yìí ní bí èyí bá bọ́, òun ò mọ ibi tí òun tún máa yíjú sí, nítorí ilé ìwé wo ló ń wá tíṣà tó ti lé ní àádọ́ta ọdún? Ó ṣe ojúewé kan nípa iṣu Ùtẹ̀, ó gbé e wá fi hàn mí. Ó dára gan-an, mo sì sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní bó bá parí rẹ̀, kó béèrè nínú gúrúùpù bí wọ́n ṣe ń gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì kó tó fi ránṣẹ́.

Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ inú gúrúùpù yẹn ò láàánú. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n fi akẹ́kọ̀ọ́ kan láti àdúgbò Ìdásẹ̀n ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Màmá rí i. Àgbà tó ti fi ẹgba kọ́ irú wọn ní ABD kò ní jẹ́ kí wọ́n fi òun rẹ́rìn-ín. Kò béèrè. Ó da àdírẹ́sì tó rí lókè ojúewé náà kọ, ó fi í ránṣẹ́ sí Àkúrẹ́.

Wọ́n fèsì pé àwọn ò rí nǹkan kan níbẹ̀, àwọn sì ti mú ẹlòmíràn. Ó wọ mọ́tò wá bá mi.

"Ó ń ṣí lórí fóònù mi," ó ní. "Kí ló dé tí kò ṣí lọ́dọ̀ wọn?"

"Inú fóònù yín ló wà, mà. Ọ̀nà tí ẹ júwe fún wọn, inú yàrá yín ló parí sí."

Ó yé e lójú ẹsẹ̀. Ìyẹn ló dùn mí jù. A gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì níbẹ̀, kò pẹ́ rárá, mo sì bá a kọ̀wé bẹ Àkúrẹ́. Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Wọ́n fọ̀wọ̀ dáhùn pé ẹni náà ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ó wo ojúewé náà títí.

"Ní báyìí tó ti wà níta, ta ló máa wá wò ó?"

Mo wá irọ́ kan tó bá a mu, mi ò rí.

"Kò sẹ́ni, mà."

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, bó ṣe máa ń dúpẹ́ fún gbogbo èsì mi.